Iyọ̀ Tí Àlàní Fi Pamọ́ Sọ́wọ́ Nàfísátù

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mọ ojú tán, kí alárinà yẹ̀bá. Èmi kò yẹ̀bá. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, mi ò sì ní fi oyin sí i, torí oyin tí mo ti ń fi sí ọ̀rọ̀ láti kékeré mi ló ba ayé àwọn méjì tí mo fẹ́ràn jù jẹ́.

Àmínátù ni mí. Aránṣọ ni mí ní Ifangni, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Igolo. Nàfísátù jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, èmi ló ń sá wá bá bí inú bá ń run ún, èmi náà ló sì ń sá wá bá bí inú rẹ̀ bá dùn. Bàbá rẹ̀, Alájì Làmídì, ń ta páńẹ́lì oòrùn àti bátìrì ní ọjà Igolo, lẹ́bàá ẹnubodè. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nídìí rẹ̀. Bó bá gbé bátìrì lọ́wọ́ lásán, á sọ iye oṣù tó kù fún un láyé.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá yìí ni Àlàní ti kọ́kọ́ rí Nàfísátù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kọ́tìnnì ni mo gbé lọ fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kí wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì tó ti kú ni mo ń wá."

Nàfísátù wò ó látòkè délẹ̀. "Gbogbo ayé ń wá èyí tó yè. Kí lẹ fẹ́ fi òkú ṣe?"

"Mo fẹ́ tú u wò. Mo fẹ́ mọ ohun tó pa á."

"Áà bon? Lóòótọ́? Dókítà bátìrì ni yín?"

"Kò tíì tó bẹ́ẹ̀," ni ọmọkùnrin náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ṣì ń kọ́ ọ ni."

Nàfísátù ṣa mẹ́ta fún un, ó sì fi gèlè ara rẹ̀ nu eruku wọn. Èmi tí mo tọ́ ọmọ yìí mọ̀ pé kì í nu eruku èyí tí wọ́n ń tà, ká má tíì sọ òkú. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ó ti tán.

Ọmọ Lagbé ni Àlàní, ìyá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́, òun sì ń kàwé fún oyè dókítà ní yunifásítì Calavi. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wá gba òkú bátìrì, àfi bí ẹni pé àjàkálẹ̀ àrùn ń pa wọ́n ní Igolo. Nígbà tó yá, kò gbé òkú kankan lọ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń pàdé, wọ́n á jókòó sórí àga gígùn, èmi á máa tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé irú bátìrì wo gan-an ló ń ṣe. Ó mú ẹfun tí mo fi ń sààmì sí aṣọ lórí tábìlì.

"Tántì, ohun tó wà nínú ẹfun yìí ló wà nínú eegun yín. Òun ló wà nínú ìkarahun ìgbín. Kálísíọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ó kún ilẹ̀ káàkiri. Lítíọ̀mù tó wà nínú fóònù yín, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wà á, àwọn díẹ̀ ló sì ní i. Kálísíọ̀mù, ta ni kò ní i?"

"Kí ló wá dé tí wọn ò fi ń ṣe é tà?"

"Agídí ni, Tántì. Bátìrì ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ohun kan tó ń ṣàn sì wà láàárín wọn. Kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, kó sì tún padà wá. Ṣùgbọ́n ẹrù méjì ló ń rù, lítíọ̀mù ń ru ẹyọ kan péré. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, kì í fẹ́ wọlé. Bó bá wọlé, kì í fẹ́ jáde. Ìgbà mìíràn, èèpo kan á hù bò ó, ilẹ̀kùn á tì pa."

"Ó jọ Alájì Làmídì," ni mo wí.

Nàfísátù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àlàní kò rẹ́rìn-ín, ojú Nàfísátù ló ń wò. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti wá ohun tó ń ṣàn náà, àti iyọ̀ tí wọ́n máa yọ́ sínú rẹ̀, irú iyọ̀ tí kò ní jẹ́ kí èèpo náà hù. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé tó fẹ́ kọ́. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, mi ò mọ bí ǹ bá ṣe tún un sọ. Mo ti rán aṣọ ìyàwó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mi ò rí ojú tó wo ojú báyẹn rí.

Èmi ni wọ́n bẹ̀ kí n ṣe alárinà. Ní ilé wa, iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn kó tó di tèmi, ó sì kọ́ mi pé alárinà kì í gbé ọ̀rọ̀ kíkorò dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bú ẹnì kan, alárinà á ní wọ́n kí i ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ṣe dúró ní Ifangni yìí. Èmi náà gbà pé ọgbọ́n ni.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Alájì Làmídì, ó gbọ́ mi tán, ó yọ fìlà.

"Ọmọkùnrin yẹn, bátìrì ẹfun ni mo gbọ́ pé ó ń ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì."

"Mo ti ta bátìrì fún ogún ọdún, mi ò tíì rí ẹlẹ́fun. Ó dáa. Nígbà ayé bàbá mi, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ẹni á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, wọ́n á ṣe ọ̀wẹ̀, wọ́n á roko àna láti àárọ̀ di ọ̀sán. Èmi ò ní oko, bátìrì ni oko mi. Kó wá fi tirẹ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún mi. Kó gbé e wá síbí, kó fi tan gílóòbù kékeré kan láti ìrun Màgáríbì títí di Àsùbáà. Bó bá kú kílẹ̀ tó mọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ."

"Títí dìgbà wo, Alájì?"

"Kí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó wọlé. Mùríìdì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ."

Mùríìdì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Banigbé. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Mo padà dé ọ̀dọ̀ Àlàní, mo ní, "Alájì ti gbà. Iná díẹ̀ ló kàn fẹ́ rí kí ààwẹ̀ tó wọlé." Mi ò dárúkọ Mùríìdì rárá.

Oṣù mélòó kan kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù mi dún, Àlàní ló ń pariwo níbẹ̀. "Ogójì, Tántì! Ó lọ ó bọ̀ nígbà ogójì, kò rẹ̀ ẹ́! Ẹ sọ fún Nàfísátù!" Bátìrì kan tó tóbi tó bọ́tìnnì ẹ̀wù ni, ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá to mẹ́fà irú rẹ̀ jọ, gílóòbù Alájì á tàn di òwúrọ̀. Nàfísátù gbá mi mọ́ra tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lọ́rùn.

Àmọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní àwọn kò tíì gbà. Wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn mìíràn bá lo iyọ̀ kan náà, ní ibòmíràn, kí wọ́n rí ohun kan náà. Bí wọ́n bá rí i, àyè rẹ̀ ń bẹ, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á fún ẹlòmíràn láyè. Ìbàdàn ni àwọn tó gbà láti dán an wò wà, ẹnubodè Igolo ni iyọ̀ náà sì máa gbà kọjá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Àlàní dé pẹ̀lú iyọ̀ náà, ọ̀rẹ́ tó máa mú un kọjá kò sì ní lọ títí di ọjọ́ Ajé. Òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sì ti ṣí òrùlé ilé ìyá rẹ̀ ní Lagbé láti pààrọ̀ páànù. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé agolo mílíìkì kan lé Nàfísátù lọ́wọ́. Ó ti fi téèpù dì í, ó sì kán àbẹ́là yí ẹnu rẹ̀ ká.

"Bá mi fi pamọ́. Má ṣí i o, Nàfísátù. Ọdún kan àbọ̀ mi ló wà níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́."

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i."

"Àlàní, mo ti gbọ́. D'accord? Máa lọ, ọkọ̀ Lagbé ti fẹ́ gbéra."

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ bátìrì ni àwọn méjèèjì ti jọ sọ, wọn ò sọ ti omi rí. Àlàní jẹ́ ẹni tó máa ń rò pé ohun tí òun mọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Nàfísátù lọ bá Alfa Jẹ́láàní ládùúgbò wa, torí ẹ̀rù ń bà á. Ó ku oṣù méjì péré kí ààwẹ̀ wọlé. Alfa kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí wàláà fún un, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sẹ́ omi náà, tí à ń pè ní hàntú, lẹ́ẹ̀mejì títí ó fi mọ́ kedere, ó ní kó mu ún, kó sì fi ra ojú. Ohun tí alfa sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nàfísátù mu ìdajì lójú mi, ó sì ń wo èyí tó kù.

"Tántì, èmi ni mo mu ún. Ṣé èmi ni mo fẹ́ tan iná?"

Èmi Àmínátù, ọlọ́gbọ́n ayé, mo dáhùn pé, "Fi sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà."

"Ó ní kí n má ṣí i."

"Ó ní kí o má ṣàdúà sí i ni? Ìwọ ọmọ ẹlẹ́bátìrì, bí bátìrì ọkọ̀ bá gbẹ, kí ni ẹ ń dà sí i?"

"Omi."

"Ta ló ń dà á ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ?"

"Èmi ni."

"Ṣé ó pa wọ́n?"

"Ó máa ń jí wọn ni."

"Omi lásán nìyẹn o. Èyí ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú."

A yọ́ àbẹ́là náà. Ìgò kékeré kan ló wà nínú agolo, iyọ̀ inú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Nàfísátù ṣe Bísímílàhì, ó kán hàntú náà sí i, ẹ̀kán mẹ́ta. Iyọ̀ náà fà á mu lójú ẹsẹ̀, a ò rí omi kankan mọ́. "Ó gbà á," ni Nàfísátù wí, inú wa sì dùn. A dé e, a kán àbẹ́là tuntun sí i, iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dì í gan-an kò lè mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Àlàní gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti mú un kọjá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Àlàní padà wá. Nàfísátù wà ní Igolo, èmi nìkan ló bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó ń wo bí mo ṣe ń gé apá ẹ̀wù kan.

"Bátìrì mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe, Tántì. Kò sí èyí tó lọ tó bọ̀, kódà lẹ́ẹ̀kan. Omi ni wọ́n rí nínú iyọ̀ náà."

"Omi?"

"Ọ̀tá rẹ̀ ni. Èyí tó kéré jù báyìí, èèpo yẹn á hù, ó parí. Inú àpótí dígí tí afẹ́fẹ́ ìta kì í wọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi mú un gbẹ lórí iná. Mo rò pé mo mú un gbẹ." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ mi ni kò dáa. Bóyá ogójì yẹn gan-an, àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Àwọn ọ̀gá mi ní ohun tí ẹnì kejì kò bá lè rí, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn láyè mi."

Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mi ò sọ ọ́.

Mo sọ ọ́ fún Nàfísátù nígbà tó dé, torí kò sí bí ǹ bá ṣe fi pamọ́ fún un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àgékù aṣọ. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó dákẹ́, ó di ọwọ́ mi mú.

"Tántì, ẹ lọ sọ fún un pé èmi ni."

"Pè é lórí fóònù."

"Ohun tí mi ò lè sọ lójú rẹ̀, mi ò ní fi fóònù sọ ọ́. Ẹ̀yin ni alárinà wa. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ẹ má bu omi là á. Bó bá lè foríjì mí, kó wá sí Igolo ní Jímọ̀ yìí lẹ́yìn ìrun, màá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. A ó jọ lọ bẹ Bàbá kó fún wa lọ́dún kan sí i. Bí kò bá wá, mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀, mi ò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láé."

Mo gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sí Lagbé. Mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu ní gbogbo ọ̀nà. Mo bá Àlàní lẹ́yìn ilé, ó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó dìde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

"Ṣé ó bínú sí mi, Tántì?"

"Rárá o. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní kí o má ba ọkàn jẹ́."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mo ń sọ fún ara mi pé bí ọkàn rẹ̀ bá rọ̀ díẹ̀, màá sọ èyí tó kù. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí agolo náà, mi ò sì fẹ́ kí ó fi ojú ìkà wò mí.

"Ẹ bá mi sọ fún un kó má dúró dè mí," ni Àlàní wí. "Ẹni tí kò lè mú iyọ̀ gbẹ, kí ló máa lè ṣe fún obìnrin?"

Mi ò sọ ìyẹn náà fún Nàfísátù. Mo dé, mo ní, "Mo ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo rán fún un, ó gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn èèyàn kírun tán, wọ́n jáde. Àwọn ọkọ̀ gàrí ń to lọ sí ẹnubodè. Gbogbo ẹni tó bá gbé báàgì kọ́ èjìká ló ń nàró wò. Àwọn ọlọ́jà palẹ̀ mọ́, ó ṣì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu láti jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á dé. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgáríbì, ó gbé àga wọlé, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní kó dá Mùríìdì lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ tó wọlé ni wọ́n so yìgì wọn. Èmi ni mo rán aṣọ náà. Àlàní fi fóònù kí mi kú oríire, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá báyìí. Àlàní ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Pobè, kò tíì níyàwó. Lóṣù tó kọjá, ó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá láti kí mi. A ń sọ̀rọ̀ òjò, a ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ló bá ní òun kà á pé àwọn kan lókè òkun ń lo irú iyọ̀ tòun yẹn, pé tiwọn ń lọ, ó ń bọ̀.

"Wọ́n mọ bí a ṣe ń mú iyọ̀ gbẹ jù mí lọ," ló wí, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbà. Mo gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí hàntú títí dé ọjọ́ tí mo wá sí Lagbé. Kò dá mi lẹ́kun. Nígbà tí mo ṣe tán, ó béèrè pé, "Ẹ̀kán mélòó?"

"Mẹ́ta."

Ó dijú, ó ń ṣírò lẹ́nu. "Omi tí wọ́n rí kò ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ. Nígbà náà, ó gbẹ. Mo mú un gbẹ, Tántì. Ogójì yẹn, òótọ́ ni." Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń bú ọwọ́ ara mi." Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè. "Ó sì rán yín sí mi?"

"Ó ní bí o bá lè foríjì òun, kó o wá sí Igolo ní Jímọ̀ náà."

"Jímọ̀ wo?"

"Èyí tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo wá sí Lagbé."

Àlàní dìde, ó tún jókòó. "Mo wà ní Igolo lọ́jọ́ náà. Mo ń lọ kó ẹrù mi ní Calavi, mo ní kí n kọ́kọ́ fi ojú kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ gàrí ni mo dúró sí. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó ń wo ọ̀nà. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń dúró dè."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí, bí ọkùnrin ni mo dọ̀bálẹ̀. Ó gbé mi dìde. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi.

"Màá lọ sọ fún un lónìí," ni mo wí.

"Rárá." Ó di apá mi mú pinpin. "Ẹ má sọ ọ́. Ó ti lọ́mọ méjì. Bó bá rò pé mo kọ̀ láti foríjì í, ó lè fi ìyẹn gbé ilé ọkọ rẹ̀. Bó bá gbọ́ pé mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, kí ló máa fi gbé e? Ẹ búra fún mi."

Mo búra. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó wọkọ̀ Pobè.

Lánàá, Nàfísátù gbé aṣọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ọmọ rẹ̀ àgbà wá fún mi láti rán. Mo wọn ọmọ náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nàfísátù ń wo òde.

"Wọ́n ní Àlàní wá síbí lóṣù tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tántì, ṣé ó ṣì ń bínú sí mi?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ó ṣì ń bínú," ni mo wí.

Ó mi orí díẹ̀-díẹ̀. "Mo mọ̀," ló wí. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó sì tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ kí apá aṣọ náà fẹ̀ díẹ̀, Tántì. Ó ń dàgbà."